Àpá Fẹ́ẹ́rẹ́ Lára Ọkọ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ọwọ́ Yọ Ọ́ ní Lomé

Àpá fẹ́ẹ́rẹ́ lára ọkọ̀ ni èyí tó bá ojú ọ̀dà nìkan jà, tí kò dé ibi irin. Ọkọ̀ fara gbún ògiri, alùpùpù ha ilẹ̀kùn kọjá, ẹnìkan wọ́ àpò ẹrù lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì: ìlà tàbí àbàwọ́n ló ń kù sílẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ á wò ó, àyà rẹ̀ á já, á sì gbà pé àfi kí òun wá pẹ́ńtà lọ. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn àpá wọ̀nyí kò tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ kun ọkọ̀. Omi, ọṣẹ, aṣọ tó rọ̀, kọ́ńpáàǹdì (ìpara tó ń fá ojú ọ̀dà) díẹ̀ àti ọwọ́ tí kò kánjú ti tó láti mú wọn kúrò láàárín wákàtí kan tàbí méjì.

Oríṣi méjì ni àpá náà, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun. Èkínní ni ohun tó ti ibòmíràn wá lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀dà: ọ̀dà ọkọ̀ ẹlòmíràn, rọ́bà ara alùpùpù, ẹfun ògiri, ike dúdú. Àfikún ni, kò mú nǹkan kan kúrò lára ọkọ̀. Èkejì ni ibi tí nǹkan ti họ ọ̀dà fúnra rẹ̀, tó sì gbẹ́ kòtò tíntín sí i. Àwọn méjèèjì sábà máa ń wà pọ̀ lójú kan. Ìdí nìyí tí àpá kan fi lè dẹ́rù bani láàárọ̀, tí yóò sì ku ìlà méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n bá ti nu ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò.

Lórí irin ọkọ̀ tó ń jáde nílé iṣẹ́ lóde òní, ìpele ọ̀dà mẹ́rin ló sábà máa ń wà. Èyí tó kan irin ni ọ̀dà tí wọ́n fi iná mànàmáná mú lẹ̀ mọ́ ọn, kí ó má baà dípẹtà. Práyímà ló tẹ̀ lé e, òun ló ń mú ojú rẹ̀ tẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà aláwọ̀, èyí tó ń sọ ọkọ̀ di pupa tàbí funfun. Lókè pátápátá ni kílíà wà, tí àwọn pẹ́ńtà Lomé ń pè ní vernis gẹ́gẹ́ bí èdè Faransé ṣe pè é: kò ní àwọ̀, ó mọ́ gaara, òun ló ń dán, òun náà ló sì ń fara gba oòrùn àti eruku. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ kò sábà ju máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 150 lọ, bẹ́ẹ̀ máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Kílíà nìkan kò ju nǹkan bíi 35 sí 50 lọ. Irun orí ènìyàn púpọ̀ nípọn jù ú lọ.

Iye yìí ló ń pàṣẹ fún gbogbo iṣẹ́ tó kù. Kòtò inú kílíà kì í dí. Ohun tí ẹni tó ń yọ àpá ń ṣe ni pé ó ń fá kílíà tó yí kòtò náà ká títí ojú rẹ̀ á fi bá ìsàlẹ̀ kòtò dọ́gba, tí ìmọ́lẹ̀ kò ní rí etí kankan tí yóò kọ́ mọ́. Èyí tí wọ́n bá sì ti fá lọ kò ní hù padà. Ọkọ̀ kan náà lè gba irú iṣẹ́ yìí ní ìwọ̀nba ìgbà kan; lẹ́yìn náà, kílíà á tán lójú ibẹ̀, oòrùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀dà aláwọ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà nínú kí ènìyàn fá ìwọ̀n tó kéré jù tí yóò tó.

Kílíà kò tíì pẹ́ láyé. Ọ̀dà Duco tí ilé iṣẹ́ DuPont ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní nǹkan bí 1923 ló kọ́kọ́ mú kí ọ̀dà ọkọ̀ máa yára gbẹ, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni ti ìṣáájú ń gbà. Ó di àwọn ọdún 1980 kí kílíà tó wọ́pọ̀ lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ọkọ̀ tó bá dàgbà ju ìyẹn lọ, tàbí tí wọ́n kùn lọ́nà àtijọ́, àwọ̀ rẹ̀ á máa bá aṣọ tí wọ́n fi ń nù ún lọ nígbà tí wọ́n bá ń fi kọ́ńpáàǹdì pa á. Kò sí ewu nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n lórí ọkọ̀ tó ní kílíà, bí aṣọ bá mú àwọ̀ ọkọ̀, kí ọwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí kílíà ti tán níbẹ̀.

Ní Lomé, ohun tó ń fa àpá yìí kò jìnnà. Alùpùpù kún ojú títì, àwọn tó sì ń fi kó èrò, tí wọ́n ń pè ní zémidjan tàbí oléyia, máa ń gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá mú. Orí bíréèkì ọwọ́ wọn àti ibi tí èrò ń gbẹ́sẹ̀ lé ló ń ha ilẹ̀kùn àti bọ́ǹpà. Ní ìhà Agoè, Adidogomé àti Baguida, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀nà àdúgbò tí wọ́n ń pè ní von ni kò tíì lọ́dà, iyanrìn ni, táyà ọkọ̀ iwájú á sì máa ta á sára ọkọ̀ ẹ̀yìn. Géètì ilé náà ń dá kún un. Apá ọ̀tún títì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Togo, ọwọ́ òsì sì ni ìjókòó awakọ̀ wà, nítorí náà ìhà ọ̀tún ọkọ̀ ló jìnnà sí ojú rẹ̀ jù, ibẹ̀ ló sì rọrùn jù láti fi gbún òpó géètì.

Àwọn ọkọ̀ kan tilẹ̀ ti gba àpá tiwọn kí wọ́n tó tẹ ilẹ̀ ìlú náà. Èbúté Lomé, tí wọ́n ṣí ní 1968, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ń gbà wọlé, fún Togo àti fún Burkina Faso, Niger àti Mali tí kò ní etíkun. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Antwerp lórílẹ̀-èdè Bẹ́líjíọ̀mù á ti fara kínra pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á ti lẹ bébà mọ́ gíláàsì rẹ̀, wọ́n á ti fi ẹfun ìkọ̀wé kọ nọ́ńbà sí i lára. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ ní pápá ìtajà ẹ̀bá èbúté sábà máa ń ní iṣẹ́ yìí láti ṣe lọ́jọ́ tó bá gbé e délé.

Láti mọ bí àpá kan ti jìn tó, omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń dà sí i. Bí ìlà náà bá pòórá nígbà tí omi wà lórí rẹ̀, tó sì tún yọjú nígbà tí omi gbẹ, inú kílíà ló mọ: omi ló kún kòtò náà, tí ìmọ́lẹ̀ fi kọjá níbẹ̀ láìfọ́n ká. Èékánná ni ìdánwò kejì. Wọ́n á fà á gba orí ìlà kọjá láìtẹ̀ ẹ́. Bí kò bá kọ́, ọwọ́ lásán lè yọ ọ́; bó bá kọ́, àpá ti jìn, dídín ni wọ́n lè dín in kù, fífá a tán sì léwu. Ojú ló ń parí rẹ̀: bí funfun tàbí àwọ̀ eérú práyímà bá hàn nínú kòtò, tàbí tí irin ń kọ mọ̀nà, iṣẹ́ pẹ́ńtà nìyẹn, kò sí kọ́ńpáàǹdì tó lè bo irin.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè, òun ló sì ń ba ọkọ̀ jẹ́ jù: ṣé ọ̀dà ilé iṣẹ́ ló wà lára rẹ̀ ni, àbí èyí tí wọ́n tún kùn? Ilé iṣẹ́ ń fi ààrò tó gbóná tó nǹkan bíi 140°C yan ọ̀dà rẹ̀, nítorí náà ó le, ó sì lè fara da oògùn ìfọ̀dà bíi tínnà fúngbà díẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n kùn lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, afẹ́fẹ́ ló gbẹ ẹ́, wọ́n sì lè má po oògùn tó ń mú un le mọ́ ọn. Tínnà á tú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ bí omi ṣe ń tú iyọ̀. Ibi ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń dán an wò, bí etí inú ilẹ̀kùn: kí aṣọ funfun tí tínnà kán sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kan ibẹ̀. Bí àwọ̀ bá yọ tàbí tí ojú ibẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìka, wọ́n ti tún ọkọ̀ náà kùn, ọṣẹ àti pọ́líìṣì tó rọ̀ jù nìkan ni kí wọ́n mú sún mọ́ ọn.

Ìfọ̀ ni ìdajì iṣẹ́ náà. Ní Lomé ó tilẹ̀ ju ìdajì lọ. Orí iyanrìn etí òkun ni ìlú náà jókòó lé, òjò rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti Èkó rárá: kì í sábà pé 1,000 mìlímítà lọ́dún, eruku a sì máa pẹ́ lára ọkọ̀. Láti oṣù Ọ̀pẹ wọ Èrèlé, ọyẹ́ á tún gbé eruku tirẹ̀ dé láti aṣálẹ̀, pàápàá láti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Chad. Iyanrìn yìí le kọjá bí ojú ti ń wò ó. Quartz ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, òkúta tó wà ní ipò 7 lórí òṣùwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń wọn líle òkúta, níbi tí dáyámọ́ǹdì ti wà ní ipò 10. Kílíà rọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Ẹni tó bá mú aṣọ gbígbẹ nu eruku kúrò kó tó lè rí àpá kan dáadáa, àpá tuntun tí kò lóǹkà ló ń ha sára ọkọ̀ náà.

Omi púpọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàn lórí rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ ìfọkọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, omi lásán nínú èkejì. Aṣọ maikirofáíbà tó ti inú ọṣẹ bọ́ sára ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣan ara rẹ̀ nínú omi lásán kó tó padà sínú ọṣẹ, kí iyanrìn tó gbé má baà tún gorí ọ̀dà. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ táyà ni wọ́n ń fọ kẹ́yìn, aṣọ tiwọn sì yàtọ̀. Ohun tó sọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Lomé di ràkọ̀ràkọ̀ lójú oòrùn ni fóòmù kan ṣoṣo tí wọ́n fi fọ táyà, tí wọ́n fi fọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, tí wọ́n tún fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ibi ìfọkọ̀ ẹ̀bá títì. Ẹ̀bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń fọ̀ ọ́ kọ́: owó tí wọ́n ń gbà kò tó ra aṣọ méjì, omi sì wọ́n. Ẹni tó ni ọkọ̀ lè gbé aṣọ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ dání lọ síbẹ̀, kí ó sì sọ ohun tó fẹ́.

Abẹ́ ìbòji ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo èyí, ní àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ọ̀sán a máa mú irin ọkọ̀ gbóná débi tí ọwọ́ kò ní lè dúró lórí rẹ̀. Ọṣẹ á gbẹ mọ́ ọn, kọ́ńpáàǹdì á gbẹ kó tó ṣiṣẹ́. Omi kànga àdúgbò tó sún mọ́ òkun sábà máa ń níyọ̀, ó sì ń fi ojú funfun roboto sílẹ̀ níbi tó bá gbẹ sí. Bí òun nìkan bá wà, aṣọ gbọ́dọ̀ gbá a kúrò kó tó gbẹ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ara ọkọ̀ bá mọ́, ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ lé, láti orí oògùn tó rọ̀ jù. Rọ́bà alùpùpù lára ọkọ̀ funfun burú lójú, ṣùgbọ́n ọtí tí ilé ìtajà oògùn ń tà fún ojú egbò, tí wọ́n bu omi mọ́ ní ìlàjì, sábà máa ń mú un. Bó bá ṣì kù, white spirit tàbí kẹrosíìnì díẹ̀ lórí aṣọ, kì í ṣe lórí ọkọ̀. Kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ kíá. Amọ̀ ìfọkọ̀, tí àwọn ará Japan kọ́kọ́ gbé jáde, wúlò fún ọ̀dà ọkọ̀ ẹlòmíràn tó ta sí ojú ibi púpọ̀. Wọ́n á fi omi ọṣẹ mú ojú ọ̀dà yọ̀, wọ́n á sì fa amọ̀ náà lọ fa á bọ̀ láìtẹ̀ ẹ́, á máa ká ohun tó yọ síta kúrò. Bí amọ̀ náà bá jábọ́ sórí iyanrìn, kí wọ́n jù ú nù, bó ti wù kó wọ́n tó.

Ká mú ọkọ̀ dúdú kan, tí ìgun bọ́ǹpà ọ̀tún rẹ̀ gbún òpó géètì tí wọ́n fi ẹfun kùn. Ojú àpá náà tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, funfun báláú lórí dúdú. Wọ́n fi aṣọ tútù lé e fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ẹfun rọ̀, wọ́n sì ṣan án dànù láìfi ọwọ́ rin ín, nítorí hóró iyanrìn tó wà nínú símẹ́ńtì ṣì wà nínú rẹ̀. Ìlà wínníwínní mẹ́fà ló kù, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Omi pa márùn-ún rẹ́, ọ̀kan kọ́ èékánná díẹ̀. Iṣẹ́ kọ́ńpáàǹdì ló kàn.

Wọ́n á kọ́kọ́ fi tépù pẹ́ńtà bo rọ́bà àti etí iná tó wà nítòsí. Kọ́ńpáàǹdì tó wẹ́ jù ni wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀. Ohun líle tó wà nínú rẹ̀, tó sábà jẹ́ aluminium oxide, ló ń fá kílíà. Ìwọ̀n rẹ̀ tó tó hóró ẹ̀wà méjì lórí fóòmù pẹlẹbẹ kan ti tó. Fóòmù gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìka, nítorí orí ìka lásán á tẹ̀ síbì kan ju ibòmíràn lọ, ojú ibẹ̀ á sì rí gbágungbàgun. Ibi tí wọ́n ń pa lẹ́ẹ̀kan kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ọwọ́ á lọ tààrà, á bọ̀ tààrà, á sì tún dábùú rẹ̀, fún bí ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn láti máa yí ọwọ́ po, ṣùgbọ́n àmì roboto ni ìyẹn ń fi sílẹ̀, oòrùn Lomé kì í sì í bo irú rẹ̀ láṣìírí. Ìró iṣẹ́ náà ń sọ bó ṣe ń lọ: níbẹ̀rẹ̀, ó ń ha wìsìwìsì, bí hóró inú kọ́ńpáàǹdì bá ṣe ń rún, ìró náà á rọlẹ̀, fóòmù á sì máa yọ̀. Kí wọ́n nù ún nígbà náà, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n wò ó.

Bí ìlà márùn-ún bá lọ tí ọ̀kan sì kù fẹ́ẹ́rẹ́, èèyàn lè tún un pa lẹ́ẹ̀kan sí i tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àpá tó ti fẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ẹni tó dúró níwọ̀n mítà kan kò rí i mọ́ kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ fá kílíà tán. Pọ́líìṣì tó tún wẹ́ ju kọ́ńpáàǹdì lọ ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé e, lórí fóòmù mìíràn, láti mú dídán padà.

Àwọn kan á béèrè ìdí tí wọn kò fi ní lo ẹ̀rọ. Fún gbogbo ara ọkọ̀, ẹ̀rọ dára lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Fún ojú kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ọwọ́ sàn jù: kò lè mú ọ̀dà gbóná dé ibi tí yóò jó, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń fá lọ nígbà kọ̀ọ̀kan, débi pé àṣìṣe rẹ̀ ń lọ́ra dé. Ẹ̀rọ lè mú ọ̀dà kúrò ní etí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó dì í mú tó mọ̀. Àní pẹ̀lú ọwọ́ lásán, gbogbo etí àti ibi tí irin ti ṣẹ́po ni kí wọ́n fọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ mú, nítorí ọ̀dà fẹ́lẹ́ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ.

Ọ̀nà àbùjá pọ̀. Ọṣẹ ìfọyín ní ohun tó ń fá díẹ̀ nínú lóòótọ́, ó sì lè mú àpá tó fẹ́lẹ́ jù lọ, ṣùgbọ́n eyín ni wọ́n ṣe é fún, dídán tó ń fi sílẹ̀ kò dọ́gba. Kànìnkànìn onírin àti ìhà líle fóòmù ìfọbọ́ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọkọ̀ rárá. Pẹtiróòlù, pàápàá èyí tí wọ́n ń rọ sínú ìgò tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí wọ́n ń pè ní boudè, ló burú jù nínú gbogbo wọn: ó lè mú kílíà ṣú, èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, iná sì lè gbà á láti ọ̀nà jíjìn. Ike dúdú tí wọn kò fi ọ̀dà kùn kò gba kọ́ńpáàǹdì, ńṣe ni yóò fi ojú funfun sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó má dán kò gbà á náà, torí ibi tí wọ́n bá pa ló máa dán yàtọ̀.

Kí wọ́n tó gbà pé àpá ti lọ, ọtí tí wọ́n bu omi mọ́ ni wọ́n fi ń nu ojú ibẹ̀. Púpọ̀ nínú pọ́líìṣì ní òróró tàbí ìda nínú tó ń dí kòtò fúngbà díẹ̀. Ọtí á tú u, òótọ́ á sì hàn. Ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ lẹ́bàá èbúté lè ṣe èyí náà kó tó sanwó: ọkọ̀ tó ń dán yanranyanran lára tòun ti bébà èbúté lórí gíláàsì lè padà di aláàpá lẹ́yìn ìfọ̀ mẹ́ta.

Ìda ló ń bo ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Èyí tó lókìkí jù ni carnauba, tí wọ́n ń rí lára ewé ọ̀pẹ kan tó ń hù ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil. Nǹkan bíi 82 sí 86°C ló ń yọ́, ó sì ń lé omi. Wọ́n á fi í pa ojú ibẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á jẹ́ kó ṣú, wọ́n á sì fi aṣọ mìíràn nù ún. Ní ìlú tí afẹ́fẹ́ òkun ń gbé iyọ̀ wá lójoojúmọ́, kò yẹ kó pẹ́ ju oṣù méjì lọ kí wọ́n tó tún un ṣe.

Ibi tí irin bá ti hàn kò gba ìdúró. Iyọ̀ àti ọ̀rinrin etíkun lè mú un dípẹtà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìpẹtà a sì máa gba abẹ́ ọ̀dà lọ jìnnà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n gbẹ ẹ́, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kan práyímà sí i lọ́jọ́ náà, kódà bí pẹ́ńtà kò bá ní ráyè títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti kùn ún tán, ìda kò gbọ́dọ̀ kàn án fún bí ọgbọ̀n ọjọ́, nítorí ọ̀dà tuntun ṣì ń mí oògùn inú rẹ̀ jáde, ìda á sì dí i mọ́nú.